Kòkòrò Ajẹyùn: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ Àti Bí A Ṣe Ń Lé E Kúrò Nínú Táǹkì Omi Òkun

Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́ ọrùn, egungun ẹranko òkun ni. Inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wa irú èyí tó pupa dáadáa. Wọ́n á gé e, wọ́n á dán an, wọ́n á sì lu ú kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Ìyẹn ti kú kó tó dé ọrùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan kan nínú òkun olóoru, ní Indonesia, Fiji, Australia àti Òkun Pupa, tí wọ́n ń kọ́ òkìtì ńláńlá sábẹ́ omi. Wọ́n ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ osùn àti àwọ̀ ìyeyè. Òkun tiwa láti Àgbádárìgì títí dé Ìlàjẹ kò ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀, nítorí odò àti ọ̀sà ń tú ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, omi ibẹ̀ kì í sì í mọ́ gaara. Iyùn tó ń kọ́ òkìtì kò lè ṣe é láìrí oòrùn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sin iyùn alààyè nínú ilé. Ní ọdún 1961, Lee Chin Eng, ará Indonesia, kọ̀wé nípa bó ṣe ń fi òkúta òkun tí ẹ̀dá alààyè kún inú rẹ̀ tọ́jú táǹkì gíláàsì rẹ̀, tí àwọn ẹ̀dá náà sì ń bá a fọ omi mọ́. Àwọn olùtọ́jú ní Berlin tún ọgbọ́n náà ṣe nígbà tó yá, wọ́n fi iná tó mọ́lẹ̀ gan-an àti ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó fa ìdọ̀tí jáde kún un. Lónìí, ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè ní òkìtì iyùn kékeré ní pálọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìlera gbà wọ inú táǹkì, ibẹ̀ náà ni ọ̀tá ń gbà wọlé.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Kòkòrò ajẹyùn kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ara iyùn tí a fi owó wa rà ló ń bá wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí i, oògùn ni wọ́n á kọ́kọ́ sáré rà. Oògùn á pa kòkòrò tó hàn síta, inú wọn á dùn, àmọ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ọ̀tá ti padà. Kì í ṣe pé oògùn náà kò dára. Ẹyin ni kò pa. Ẹni tó bá mọ èyí, tó sì mọ ẹni tó ń bá jà kó tó gbé igi, ti borí ìdajì ìjà náà.

Ohun tí wọ́n ń jẹ

Iyùn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ẹranko ni. Ẹ̀ka kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹnu kéékèèké, tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Pọ́lípù ni wọ́n ń pè wọ́n. Inú ẹran ara wọn ni ewé omi tíntìntín kan ń gbé, ojú lásán kò lè rí i. Ewé omi yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ó sì ń fún iyùn jẹ nínú rẹ̀. Ẹran ara náà fẹ́lẹ́ gan-an, egungun funfun ló sì bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a bá ti rí funfun lára iyùn tó yẹ kó ní àwọ̀, ó lè jẹ́ pé egungun ló ti yọ síta.

Nínú òkun, àwọn ọ̀tá yìí kì í sábà pọ̀ jù. Ẹja wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣa kòkòrò jẹ lára iyùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Omi òkun náà ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò lọ síbi tí wọn kò ti ní rí oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ táǹkì, kò sí ẹja adọdẹ, kò sì sí ibi tí omi ń gbé nǹkan lọ. Ọmọ kòkòrò tí a bí lónìí, iyùn kejì ló máa bà lé. Ẹ wo aràn pẹlẹbẹ tó ń jẹ iyùn Acropora: inú táǹkì àwọn èèyàn ni àwọn onímọ̀ ti rí èyí tí wọ́n fún lórúkọ ní ọdún 2011. Ọdún 2012 ni wọ́n tó kéde pé àwọn rí i nínú òkun fúnra rẹ̀, nítòsí Lizard Island ní Australia. Ẹ̀dá tó ṣòro rí nílé rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di onílé nínú táǹkì.

Kí a tó pe kòkòrò lẹ́jọ́

Kì í ṣe gbogbo iyùn tó ń ṣàìsàn ni kòkòrò ń jẹ. Omi ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé iyọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà ní ìwọ̀n 35 gíráàmù sí kìlógíráàmù omi kan? Ṣé ooru rẹ̀ wà láàárín 25°C sí 27°C, àbí ó ń lọ sókè sódò láti òru dé ọ̀sán? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iná? Iyùn tí èròjà inú omi rẹ̀ ṣàdédé yí padà lè bọ́ awọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá da oògùn lé irú iyùn bẹ́ẹ̀ lórí, àìsàn kejì ló fi kún ti àkọ́kọ́.

Bí omi bá wà bó ṣe yẹ, ó wá ku àmì ara. Àmì mẹ́rin ló ṣe pàtàkì: pọ́lípù tó kọ̀ láti nà jáde nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti nà, àwọ̀ tó ń ṣá láìnídìí, àpá róbótó kéékèèké tó ràn kiri lára, àti egungun funfun tó ń ti ìdí tàbí etí ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀. Àmì kan kò tó láti dájọ́. Nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta bá pàdé, ó yẹ kí a mú tọ́ọ̀ṣì.

Òru ni iṣẹ́ ìwádìí yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jáde lọ́sàn-án, inú ihò òkúta àti abẹ́ iyùn ni wọ́n ń sá sí. Ẹ jẹ́ kí iná táǹkì ti kú fún wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkun kì í ka ìmọ́lẹ̀ pupa sí. Ẹ pa pọ́ǹpù kí ojú omi lè dákẹ́. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wo ìdí ẹ̀ka, ibi tí òjìji wà, ibi tí egungun ti ṣí, àti abẹ́ iyùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá farabalẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun tí à ń wá lè má tó èèrà rárá.

Àwọn ọ̀tá gan-an

Acropora ni iyùn ẹlẹ́ka tí àwọn olùtọ́jú fẹ́ràn jù, òun náà sì ni ọ̀tá rẹ̀ le jù. Aràn pẹlẹbẹ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, Prosthiostomum acroporae, fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó jẹ ń hàn láti inú ikùn rẹ̀. Àwọ̀ iyùn àti ewé omi tó gbé mì ló fi ń pa ara rẹ̀ dà, tí èèyàn á fi tẹjú mọ́ ẹ̀ka kan fún ìgbà pípẹ́ tí kò ní rí i. Àpá ẹnu rẹ̀ ló ń tú u fó: àmì róbótó tí àwọ̀ ti ṣí kúrò níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ẹyin rẹ̀ ṣù pọ̀ lórí egungun tó ti ṣí sílẹ̀, ní bèbè ibi tí ara ààyè ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti oyin. Bí a bá fi rọ́bà ìfọnmi fọ́n omi sí ẹ̀ka náà pẹ̀lú agbára, aràn náà lè ṣí kúrò, yóò sì máa ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bó ṣe ń rì lọ sílẹ̀.

Acropora kan náà ni kòkòrò pupa, Tegastes acroporanus, ń gbé lára rẹ̀. Ìbátan edé ni, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí a bá fi gíláàsì wò ó, àmì pupa kan sì wà lára rẹ̀. Iyùn tí ó bà lé kì í kú lójijì. Yóò máa ṣá ni, yóò dẹ́kun nínà pọ́lípù, ìdàgbà rẹ̀ yóò sì dúró.

Montipora, iyùn tí ó sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ní ìgbín òkun kékeré kan tí kò ní ìkarahun. Funfun ni, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún ìka wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Abẹ́ iyùn ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń yé sí, láti ibẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ lókè. Kí a tó rí funfun lórí, abẹ́ ti tán. Ó ti bá àwọn olùtọ́jú fínra tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó fún un lórúkọ ní ọdún 2020, Phestilla subodiosus.

Zoanthid, iyùn rírọ̀ tó dà bí òdòdó kéékèèké, ní ìgbín aláìníkarahun tirẹ̀, tí ń gba àwọ̀ ohun tó bá jẹ. Ó tún ní ìgbín oníkarahun tí wọ́n ń pè ní Heliacus: ìkarahun rẹ̀ ká róbótó, ó ní àmì dúdú àti funfun tó ń tẹ̀ lé ara wọn, nítorí náà ojú kì í ṣì í mọ̀. Aláǹtakùn òkun náà ń jẹ zoanthid, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló gùn ju ara rẹ̀ lọ.

Àwọn kan kì í jẹ iyùn, síbẹ̀ wọ́n ń ni ín lára. Aiptasia ni aṣáájú wọn. Ìbátan iyùn ni, ó dà bí igi ọ̀pẹ tíńrín tó hù láti inú ihò òkúta, àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ búráùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ta iyùn tó bá wà nítòsí. Ohun tó mú un burú ni pé èérún kékeré tó bá já kúrò ní ìdí rẹ̀ lè di odidi Aiptasia tuntun. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gé e tàbí tó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ti gbin ín ni. Bákan náà ni ìgbín inú ọ̀pá, vermetid, tó ń kọ́ ọ̀pá líle sára òkúta tó sì ń na okùn itọ́ jáde láti fi mú oúnjẹ. Okùn itọ́ náà a máa lẹ̀ mọ́ iyùn, pọ́lípù kò sì ní lè jáde.

Àwọn tí ẹjọ́ kò kàn

Iye ẹ̀dá tí a ń pa láìṣẹ̀ nínú táǹkì pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí aràn onírun tó gùn tó ìka lóru, àyà rẹ̀ á já. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìdọ̀tí àti òkú ẹja ni wọ́n ń jẹ. Bí a bá rí i lórí iyùn tó ti kú, ìsìnkú ló wá ṣe. Òun kọ́ ló pa á. Ká má kàn fi ọwọ́ lásán gbá a mú, nítorí irun rẹ̀ ń gún ni. Edé tíntìntín tó ń sáré lórí gíláàsì, ẹja ló ń jẹ wọ́n, wọn kò ṣe nǹkan kan fún iyùn. Ẹja ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Asterina náà, ohun tó hù sára gíláàsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, àmọ́ a ti rí irú rẹ̀ tó ń jẹ zoanthid. Òfin kan ló wà fún irú èyí: ká rí i tó ń jẹ ẹran ààyè kó tó di pé a dá a lẹ́bi.

Ìwẹ̀ oògùn

Iṣẹ́ ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ funfun mẹ́ta. Omi táǹkì ni a máa bù sínú gbogbo wọn, kí ooru àti iyọ̀ wọn má yàtọ̀ sí ohun tó ti mọ́ iyùn lára. Oògùn yóò wọ inú èyí àkọ́kọ́ nìkan, gẹ́gẹ́ bí ara ìgò ṣe wí. Abọ́ kejì àti ìkẹta wà fún ìṣanra. A ó rọra gbé iyùn sínú oògùn, a ó sì máa fi rọ́bà ìfọnmi fọ́n omi sí i láti gbogbo ìhà, pàápàá ìdí àti abẹ́. Fún púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí, ìṣẹ́jú 5 sí 15 ti tó.

Ìdí tí abọ́ fi gbọ́dọ̀ funfun ni pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń ka ìròyìn. Edé wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́, wọ́n á yí bírí, wọ́n á dákẹ́. Lẹ́yìn wọn, aràn onírun á yọ jáde nínú ihò òkúta, á máa lọ́ mọ́ra. Bí aràn pẹlẹbẹ bá wà níbẹ̀, yóò ṣí kúrò lára iyùn, etí rẹ̀ yóò ká sókè, ìgbà náà ni a ó sì rí bí ohun tí kò hàn rárá lórí ẹ̀ka ṣe hàn kedere lórí funfun. Ká kà wọ́n, ká sì kọ iye wọn sílẹ̀. Iye yìí ni yóò sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá à ń ṣẹ́gun tàbí a kàn ń fi omi ṣeré. Lẹ́yìn náà, ká ṣan iyùn nínú abọ́ kejì àti ìkẹta kó tó padà. Omi oògùn kò gbọ́dọ̀ wọ táǹkì, ì báà ṣe ẹ̀kán kan.

Oògùn kò rí bákan náà. Áyódìn dára fún egbò àti ibi tí a ti gé iyùn, ṣùgbọ́n kò lágbára tó fún ọ̀pọ̀ kòkòrò. Àwọn oògùn tí a fi òróró ewéko ṣe máa ń mú kí aràn àti ìgbín ṣí kúrò. Àwọn olùtọ́jú kan ń lo potassium chloride. Àwọn mìíràn ń lo oògùn apakòkòrò ọgbà tó ní imidacloprid nínú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lágbára lórí kòkòrò pupa àti aràn pẹlẹbẹ, àmọ́ edé àti akàn kì í yè é, wọn kò sì ṣe é fún iyùn. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kó sì ṣan iyùn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹyin

Ìyá tó bá ń yọ iná lórí ọmọ mọ̀ pé pípa iná kò tíì parí iṣẹ́, bí ẹyin rẹ̀ bá ṣì lẹ̀ mọ́ irun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti iyùn rí. Èèpo ẹyin aràn pẹlẹbẹ àti ti ìgbín òkun kì í jẹ́ kí oògùn wọlé. Ọ̀nà méjì péré la lè gbà bá ẹyin jà: ká fi ọwọ́ yọ ọ́, tàbí ká dúró dè é kó pa, ká wá pa ọmọ rẹ̀ kí òun náà tó yé.

Fífi ọwọ́ yọ ọ́ ni a máa kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí iyùn bá jáde nínú oògùn, ká fi gíláàsì wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ẹyin tí a bá rí lórí egungun, ká fi ẹnu abẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á kúrò. Èyí tó bá wọ inú ihò, ká fi gúlù bò ó pátápátá. Ohun tó dára jù ni pé ká gé ìdí tó ti kú sọnù, ká ju ohun tí wọ́n lẹ iyùn náà mọ́ dànù, ká sì lẹ ẹ̀ka ààyè mọ́ tuntun. Ibi tí ẹran ààyè bá bò, ẹyin kì í sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú kì í rí gbogbo ẹyin, nítorí náà ni ìwẹ̀ oògùn fi gbọ́dọ̀ tún wáyé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé bí ooru omi bá jẹ́ 27°C, aràn pẹlẹbẹ Acropora lè ti inú ẹyin dàgbà débi tí òun náà á fi yé ẹyin láàárín ọjọ́ 38. Bí omi bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó pa. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń wẹ iyùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì jókòó, òbí ló pa, ó fi ọmọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a kò bá rí kòkòrò kankan nínú abọ́ funfun kọ́ ni a máa dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ̀ lé ara wọn láìsí nǹkan kan níbẹ̀.

Gbogbo iyùn irú kan náà ló gbọ́dọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Aràn yìí Acropora nìkan ló ń jẹ. Bí a bá kó gbogbo Acropora lọ sí táǹkì mìíràn fún ìtọ́jú, èyí tó bá kù sẹ́yìn nínú táǹkì ńlá, ebi ni yóò pa á. Bí ẹ̀ka kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn òkúta, gbogbo làálàá náà di asán.

Oògùn inú táǹkì àti àwọn ọdẹ

Kòkòrò pupa ní oògùn tirẹ̀: milbemycin oxime, tí àwọn dókítà ẹran ń fún ajá nítorí aràn ọkàn. Nínú táǹkì gan-an ni a ti ń lò ó, fún wákàtí bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà a ó pààrọ̀ omi, a ó sì fi èédú asẹ́mi fa èyí tó kù jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kò sí ohun tó sọ fún oògùn náà pé edé àti akàn wa kì í ṣe ọ̀tá. Ká kó wọn jáde ṣáájú. Lọ́wọ́ dókítà ẹran nìkan ni ká ti gbà á, kí òun sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀.

Aràn pẹlẹbẹ pupa kan tún wà, Convolutriloba, tí kì í jẹ iyùn ṣùgbọ́n tó ń pọ̀ débi pé ó ń bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Májèlé wà nínú ara rẹ̀. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹja lè bá wọn lọ. Nítorí náà, ọ̀pá ni ká fi fa wọn jáde títí tí wọ́n á fi kù díẹ̀, kí oògùn tó wọ inú omi, kí èédú sì wà nítòsí.

Fún Aiptasia, síríńjì ló ń ṣiṣẹ́: ká po ìyẹ̀fun calcium hydroxide, èyí tí àwọn olùtọ́jú ń pè ní kalkwasser, kó ki, ká pa pọ́ǹpù, ká sì rọra fi bo ẹnu rẹ̀ kó tó sá wọ ihò. Díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí bí èyí bá pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, omi á yí padà. Ibi tí ó bá ti gba gbogbo òkúta, ọdẹ ló kù. Ìgbín aláìníkarahun kan, Berghia, kì í jẹ nǹkan mìíràn láyé yìí àfi Aiptasia. Bó bá jẹ ẹ́ tán, ebi á pa òun náà. Edé Lysmata wurdemanni àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ náà máa ń jẹ ẹ́. Ká ṣọ́ra níbi tí a bá ti rà á, nítorí edé mìíràn wà tó jọ ọ́ tó sì ń jẹ iyùn. Lysmata ní ìlà pupa tó ń lọ gbọọrọ gbọọrọ, ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Èkejì ní àmì funfun róbótóróbótó láàárín ìlà pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga. Àwọn ẹja Halichoeres náà ń ṣa kòkòrò jẹ lára iyùn lójoojúmọ́. Wọ́n máa ń dín ọ̀tá kù, wọn kì í pa á run. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹja rọ́pò ìwẹ̀ oògùn.

Májèlé tó ń wọnú èémí

Ìtọ́jú iyùn lè ṣe olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ní jàǹbá, bó bá jẹ́ zoanthid ni. Palytoxin, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tó lágbára jù láyé, wà nínú ara àwọn kan nínú wọn. Ẹni tó bá fi omi gbígbóná pa wọ́n lórí òkúta, tó fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n, tàbí tó se òkúta náà, ń tú májèlé náà sínú afẹ́fẹ́. Láàárín ọdún 2012 sí 2014, àwọn onímọ̀ ìlera ní Alaska ṣàkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ nílé àti nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ní Steventon ní Oxfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan àti àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n gbé iyùn jáde nínú táǹkì láti fọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́, awò ojú, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí omi gbígbóná má sì dé ibẹ̀ láéláé.

Ẹnu ọ̀nà

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Táǹkì ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn táǹkì kékeré kan tí kò ní òkúta nínú, tó ní pọ́ǹpù, ẹ̀rọ amómigbóná àti iná tirẹ̀, ni ògiri tó wà láàárín iyùn tuntun àti èyí tó ti wà nílé. Ibẹ̀ ni iyùn gbogbo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kí a máa wẹ̀ ẹ́, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóru. Ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ ní òkúta ni pé ohun tó bá já bọ́ kò ní rí ibi sá sí. Ohun èlò tí a bá lò níbẹ̀, rọ́bà ìfọnmi, ẹ̀mú, abọ́, kò gbọ́dọ̀ kan omi táǹkì ńlá.

Ohun tó jáde nínú táǹkì kò sì gbọ́dọ̀ wọ òkun, ọ̀sà tàbí odò, ì báà jẹ́ iyùn, òkúta tàbí omi oògùn. Ẹja Pterois, ọmọ Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ti gba etíkun Florida àti Òkun Karibíánì báyìí, àwọn onímọ̀ sì gbà pé láti inú táǹkì àwọn èèyàn ló ti dé ibẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó mọ bí a ṣe lè kó wọn kúrò.

Ẹ̀yin tó ń gbèrò láti sin iyùn, ní ìlú yòówù kí ẹ wà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó gbé e sókè kí ẹ rí ìdí rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ fi owó yín sápò. Bó bá sì jẹ́ pé owó tó wà lọ́wọ́ yín kò lè ra ju ohun kan lọ nínú iyùn àti táǹkì ìyàsọ́tọ̀, ẹ ra táǹkì. Iyùn á ṣì wà lọ́jà lóṣù tó ń bọ̀.